Ìtàn Tí Akínladé Kò Parí

Akínladé kú, ó fi Keziah ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní Kabong nílùú Jos, ó sì fi Adéfúnmi sílẹ̀ ní etí òṣùpá. Ti Keziah sàn díẹ̀. Omi ẹ̀rọ a máa yọjú sí Kabong lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Inú ìtàn ni Adéfúnmi wà ní tirẹ̀. Nígbà tí Akínladé fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sin adìẹ. Òun dá ìwé àtìgbàdégbà sílẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní Òkè Kùrukùru, ó ń gbé ìtàn àràmàǹdà jáde níbẹ̀: òkú tó ń ná ọjà, ẹ̀rọ tó ń jowú. Ọmọ́ṣaléwá, obìnrin kan ládùúgbò, ló ń bá a tẹ̀ ẹ́. Keziah kò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta, ṣùgbọ́n òun gan-an ni olóòtú àgbà. Bí ìtàn bá dé, ọkọ rẹ̀ á kà á sí i létí níbi tó ti ń bẹ ọ̀dùnkún. Bí ọ̀bẹ bá dúró, ìtàn wọlé. Bí ọ̀bẹ bá ń lọ, kí ẹni tó kọ ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ni ọ̀bẹ yẹn ti lé dànù.

Ìtàn Akínladé fúnra rẹ̀ ló gùn jù. Awakọ̀ kan àti Adéfúnmi ìyàwó rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin gun ojú ọ̀run. Adéfúnmi yìí ní èjí, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sinmi. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí Akínladé ń bú. Ọkọ̀ wá há sétí òṣùpá: ó wúwo ju agbára èédú tó kù lọ, àfi kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ kí ẹnì kejì tó lè délé. Ibẹ̀ ni ọlọ́jọ́ dé bá òǹkọ̀wé.

Àwọn òǹkàwé kẹ́dùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn ń retí òpin. Ni Ọmọ́ṣaléwá bá ní kí Gideon, òǹkọ̀wé kan ní Lamingo tí kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, bá wọn parí rẹ̀. Ọmọ́ṣaléwá gbé e wá fún Keziah lọ́sàn-án Sátidé, ó kà á pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń fi Hausa tilẹ̀ rìn. Gideon ní kí Adéfúnmi tọrọ àforíjì fún ẹnu rẹ̀, kó sì bẹ́ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wá sunkún fún odidi ojú ìwé mẹ́rin.

Ọ̀bẹ Keziah kò dúró. Ó bẹ ọ̀dùnkún náà títí ó fi ku bíńtín.

"Èmi tí mo sin ín," ó ní, "èmi náà ni ẹ tún fẹ́ jù nù?"

"Haba, Mama," Ọmọ́ṣaléwá ní. "Gideon mọ̀wé gan-an."

"Kó fi ìwé náà bẹ́ sílẹ̀."

Ọmọ́ṣaléwá ní bí kò bá sí òpin mìíràn títí di Mọ́ńdè, ti Gideon lòun máa gbé jáde. Keziah ní kó ṣí kọ̀ǹpútà, òun á sọ ọ́ lẹ́nu. Awakọ̀ àti Adéfúnmi, àwọn méjèèjì ló fẹ́ gbé délé. Ó ní Adéfúnmi ju àga sílẹ̀. Ó ju ìkòkò. Ó ju gbogbo bébà àtijọ́ tí awakọ̀ kó jọ, ó sì gbádùn ìyẹn dáadáa. Ọkọ̀ kò mira.

"Mama," Ọmọ́ṣaléwá rọra wí, "ó ku èèyàn."

Keziah mọ̀ pé òun lè purọ́, kí ọkọ̀ ṣàdédé fúyẹ́. Ṣùgbọ́n Akínladé máa ń sọ pé irú òpin bẹ́ẹ̀ ń rùn bí ẹja àná.

"Kọ ọ́ pé awakọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀."

Ọwọ́ Ọmọ́ṣaléwá dúró lórí kọ̀ǹpútà.

"Wọ súẹ́tà fún un, òtútù ibẹ̀ á ju ti Jos lọ. Gbé tíì fún un nínú fíláàsì. Má fi ṣúgà sí i." Ó ronú díẹ̀. "Fi sí i. Kí ló tún fẹ́ ṣe é? Ṣebí ibi tó pa rọ́rọ́ ló ń wá láti ọjọ́ yìí. Kó lọ gbádùn ẹ̀."

Ọmọ́ṣaléwá tẹ̀ ẹ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó bi í léèrè bóyá kí òun kọ ọ́ pé Adéfúnmi sunkún.

"Kò tíì ráyè," Keziah ní. "Ọkọ̀ ló ń wà."