Ọkọ̀ Bàámi Tó Ń Kú Tó Ń Jí

Òórùn bẹntiróòlù ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí àkùkọ tó kọ. Bàámi á ti gbé agolo epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á ta aṣọ funfun bo ẹnu àrọ, á máa rọ epo náà díẹ̀díẹ̀ sínú táǹkì kí ìdọ̀tí má baà bá a wọlé. Òórùn yẹn á gba ojú fèrèsé, á pàdé òórùn ẹ̀kọ gbígbóná tí Màámi ń rò lẹ́yìnkùlé, àwọn méjèèjì á sì jọ wá bá mi lórí ẹní. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà l'Ádó láyé ìgbà náà, tí ẹ wọ bọ̀lẹ́kájà onípákó rí, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ti Bàámi o. Alàgbà Fálúyì tó ń ra kòkó ló ni ín, Bàámi ni dírébà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Bàámi ṣe ń fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ ó rò pé òun ló bí i. Lọ́jọ́ ọjà, yóò lọ kó àwọn ará Ìjàn wá sí Ọjà Ọba pẹ̀lú iṣu, èlùbọ́ àti epo pupa wọn. Abẹ́ àga dírébà ni táǹkì wà, ìdérí rẹ̀ yọrí sí ẹ̀gbẹ́ àga, pákó kan péré ló sì wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn eléèlùbọ́ ń ráhùn pé ọjà àwọn ń rùn. Ìyá Fèhíntọlá, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, dúró láàárín ọjà, ó ní, "Dírébà, oníbàárà mi ro ọkà lánàá, ó ní òun ò mọ̀ bóyá kí òun jẹ ẹ́ ni àbí kí òun fi tan fìtílà." Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Bàámi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí àwọn eléèlùbọ́ bá sá, ta ni yóò kù nínú ọkọ̀?

Epo pupa ni Màámi ń tà, kò sì sí ohun tí wọ́n ń pè ní jíjò tí kò mọ bí a ti ń dí i. Ó lọ ra ìda lọ́wọ́ ọlọ́yin, ó yọ́ ọ lórí iná, ó fi dí ihò kékeré kan tó wà láàárín ìdérí táǹkì náà, ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdérí kó lè le dáadáa. Nígbà tó ṣe tán, o lè gbé imú lé e kí o má gbọ́ òórùn kankan. Bàámi wò ó títí, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, o ṣeun. O ti gbà mí lẹ́nu Ìyá Fèhíntọlá." Èmi ni Dúpẹ́ tí wọ́n fi ń pè é yẹn, àkọ́bí wọn.

Àwọn eléèlùbọ́ padà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Kì í kú nínú ìlú. Ọ̀nà Ìjàn, níbi tí ilẹ̀ ti ń gòkè, ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, yóò jà gbọ̀ngbọ̀n díẹ̀, yóò dákẹ́. Èrò á sọ̀ kalẹ̀. Bàámi á ṣí ìdérí, á ki igi bọ táǹkì wò bóyá epo ṣì wà. Epo á wà. Lákòókò yẹn náà, Ìyá Ẹ̀bùn aláta, aládùúrà aláṣọ funfun, á ti gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀, á máa gbàdúrà kíkankíkan. Bó bá ti ṣe "Àmín" tán, tí Bàámi sì fi irin yí ẹ̀ńjìnnì, ọkọ̀ á jí! Àwọn èrò á ké "Halelúyà!" Wọn ò ní lọ jìnnà tí yóò tún fi kú. Ni wọ́n bá sọ ọkọ̀ Bàámi ní Àbíkú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iléèwé wa, wọ́n ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n Àbíkú.

Bọ̀dá Lásísì, mọkáníìkì wa, sapá gan-an. Ó tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́. Ó fi ẹnu fẹ́ páìpù epo títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, atẹ́gùn sì gba inú rẹ̀ já gaara. Ó pààrọ̀ awọ inú pọ́ọ̀ǹpù. Níkẹyìn ó jókòó sórí táyà, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, epo ni kì í dé ọ̀fun ẹ̀ńjìnnì. Ìyẹn dá mi lójú. Ohun tó ń dá a dúró lọ́nà ni mi ò rí." Ohun tó tún wá dà wá lọ́kàn rú ni pé bí táǹkì bá ṣe kún tó ni ọkọ̀ ṣe ń tètè kú tó. Bàámi á máa bi ara rẹ̀ pé, "Ọmọ wo ló ń yó tí ebi tún ń pa?"

Alàgbà Fálúyì wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kò jókòó. Ó ní, "Mi ò bá ẹ jà o. Ṣùgbọ́n kòkó mi ò lè máa sùn sójú ọ̀nà. Bó bá tún kú lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ yìí, kó o gbé kọ́kọ́rọ́ wá fún mi." Bàámi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Nígbà tí bàbá náà lọ tán, Bàámi mú aṣọ, ó lọ ń nu ọkọ̀ tó ti nù láàárọ̀. Mo rí i.

Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, Màámi ń da epo pupa láti inú agolo ńlá sínú ìgò. Agolo náà kún, ihò kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Epo á já, á dúró, á tún já, á máa ṣe kọ̀lọ̀-kọ̀lọ̀. Màámi mú ìṣó àti òkúta, ó lu ihò kejì sí igun kejì bí gbogbo elépo ti máa ń ṣe, ó wá wí èyí tó máa ń wí nígbà gbogbo: "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn geere. Lójijì ni Màámi dúró gbagidi. Ìgò kún, epo ń ṣàn sílẹ̀, Màámi tí kì í jẹ́ kí ẹ̀kán epo kan ṣòfò!

"Bàbá Dúpẹ́! Bàbá Dúpẹ́ o! Bí o bá ṣí táǹkì yẹn lójú ọ̀nà, ṣé ó máa ń dún?"

Bàámi ní, "Ó máa ń ṣe fúù, bí ẹni tó mí kanlẹ̀."

Màámi káwọ́ lérí. "Yéè! Èmi ni. Èmi ni mo dí i nímú. Bí epo bá ń jáde, atẹ́gùn ló yẹ kó máa wọlé rọ́pò rẹ̀, mo wá fi ìda dí ọ̀nà. Bí táǹkì bá sì ṣe kún tó ni atẹ́gùn inú rẹ̀ ṣe ń kéré tó. Ṣíṣí tí o ń ṣí i ló ń jí i."

Mo rò pé Bàámi yóò bínú. Ẹ̀rín ló bú sí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Gbogbo àdúrà Ìyá Ẹ̀bùn!" ló ń sọ, "Gbogbo àdúrà Ìyá Ẹ̀bùn!" Màámi ti mú abẹ́rẹ́ tó fi ń rán àpò, ó fi yọ ìda náà kúrò nínú ihò, ó sì ju rọ́bà yẹn sígbó.

Lọ́jọ́ ọjà, Bàámi mọ̀ọ́mọ̀ rọ epo kún táǹkì dé ẹnu, èyí tó máa ń tètè pa á. Màámi jókòó níwájú, èmi lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kó èlùbọ́ sí ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n kó agolo epo pupa sítòsí pákó. Nígbà tí a kúrò ní Ìjàn tí a dé ẹsẹ̀ òkè, àní Ìyá Fèhíntọlá pàápàá di pákó ọkọ̀ mú. Mo ń wo ọwọ́ Bàámi lórí ìtọ́kọ̀, gbogbo iṣan rẹ̀ ló yọ síta. Ibi tó ti máa ń wúkọ́, a kọjá. Ibi tó ti máa ń kú, a kọjá. Ẹ̀ńjìnnì ń ké lọ́nà kan ṣoṣo títí a fi gorí òkè, tí atẹ́gùn fẹ́ sí wa lójú.

Ìyá Ẹ̀bùn ké láti ẹ̀yìn, "Ẹ ò rí i? Mo gbààwẹ̀ fún un!"

Bàámi la ẹnu láti fèsì, Màámi já a lékàn-ánná nítan. Màámi ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Ẹ̀bùn. Ààwẹ̀ yín ló là mí lójú." Títí Ìyá Ẹ̀bùn fi kú, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ju ìyẹn lọ. Alàgbà Fálúyì ò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ọkọ̀ yẹn ni Bàámi fi rán mi níléèwé, ìwọ̀nba tí mo kà tí mo fi ń kọ èyí.

Bàbá Túndé, ọkọ mi, jáde láyé lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn mi. Wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n ń sọ fún àlejò pé "Màmá ń sinmi." Wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ kúrò ní pálọ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ létí mi kí n má baà sunkún. Láàárọ̀ ara mi á dá, bó bá di ọ̀sán, àyà mi á fún, màá dákẹ́ lórí àga. Dókítà yẹ̀ mí wò, kò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi Ìyá Tóún ti ọmọbìnrin mi Bọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ta ni yóò wá máa jí ẹran nínú ìkòkò rẹ báyìí, tí Bàbá Túndé ò sí mọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún, mo sun ún dáadáa. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbọ́ tí àyà mi ṣe fúù.

Màámi máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo pe Bọ́lá, mo ní, "Ọmọ mi, ìfẹ́ ni ẹ fi ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìda ni." Kò yé e. Mo wá sọ ìtàn yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó jókòó lórí ẹsẹ̀ Màámi lórí òkè ọjọ́ náà rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ńjìnnì ni òun ń kọ́. Màámi, mo dúpẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi ni.

Fọ́tò Bàbá Túndé ti padà sí ògiri. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ bí mo ti ń kọ èyí. Ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó gbé àlejò kan wá, òórùn bẹntiróòlù rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Bọ́lá dìde, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ti fèrèsé, epo ń rùn."

Mo ní, "Fi sílẹ̀. Jẹ́ kó wọlé."