Abọ́ Asiat Nílé Magdalene

Asiat kì í jẹun kiri. Àwọn tí wọ́n jọ ń ta fóònù ní àdúgbò Naif ní Dubai mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní òun ti yó. Ilé Magdalene, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní Karama, nìkan ló ti ń jẹun láìbéèrè. Láti ìgbà tó ti dé Sharjah, ìlú tó bá Dubai pààlà, tó ń sùn ní bedspace, ibùsùn kan tó háyà nínú yàrá àjùmọ̀gbé tí kò sí àyè ìdáná, Magdalene ló ń pè é wá jẹun ní gbogbo Sunday. Onígbàgbọ́ ni Magdalene, Mùsùlùmí ni Asiat, kò sì sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan láàárín wọn. Magdalene ti sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ẹlẹ́dẹ̀ ò ní wọ abọ́ ẹ nílé mi láé. Fọkàn balẹ̀." Asiat sì fọkàn balẹ̀ pátápátá.

Lọ́jọ́ Sunday tí mò ń sọ yìí, núdù oníṣíìsì àwọn ará Jámánì ni Magdalene fẹ́ sè, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ ní kíṣìnnì hòtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ́ ọ. Käsespätzle ni wọ́n ń pè é. Wùmí, àbúrò Magdalene tó ń bá a gbé, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n po ìyẹ̀fun mọ́ ẹyin títí ó fi ń fà, wọ́n gbé asẹ́ oníhò ńlá lé orí omi híhó, Asiat wá ń fi ṣíbí tì í gba ojú ihò bọ́ sínú omi. Ìyẹ̀fun ń ta sí ogiri, apá ń ro ó, ẹ̀rín ò jẹ́ kó mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Asiat, ẹ rọra o," Wùmí ní, "ogiri ti jẹ tiẹ̀ yó!"

Àwọn ará Jámánì kan a máa fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ sí i, Magdalene sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìkòkò méjì ni wọ́n wá gbé kaná, ńlá fún àwọn onílé, kékeré fún Asiat.

Asiat lọ kírun Àsárì ní yàrá. Nígbà tó fi padà, abọ́ rẹ̀ ti wà lórí tábìlì, àlùbọ́sà pípọ́n lórí rẹ̀, ṣíìsì ń fà. Ó ní Bísímílà, ó jẹun. Ó dùn débi pé ó ń lá ṣíbí. Ó wọ kíṣìnnì láti bù sí i, ó ṣí ìkòkò kékeré. Núdù inú rẹ̀ ti jóná, ó dúdú kirikiri, kò sẹ́ni tó bù ú.

"Magda, ibo lo ti bu tèmi?"

"Habibti, ọ̀rẹ́ mi, tìẹ ló jóná. Mo bù fún ẹ nínú ìkòkò ńlá, mo sì ṣa gbogbo ẹran yẹn kúrò, fọ́ọ̀kì ni mo fi ṣà á. Khalas, ó ti tán. Mi ò fẹ́ kébi pa ẹ́ ni."

Ṣé "ó jóná" ti wúwo jù láti sọ ni? Búrẹ́dì lásán ì bá tó o. Ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ló dùn ún jù, Ọlọ́run mọ̀ pé kò mọ̀. Pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í, tó ń wò ó bó ṣe ń lá ṣíbí, tó sì ń bá a rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn ún wọra.

Ó fọ ẹnu, ó tún un fọ̀, ó mú báàgì rẹ̀. Wùmí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún Ẹ̀gbọ́n Magda pé kí wọ́n yé ṣe bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ yín."

"Ó ti pẹ́ kẹ̀?"

Asiat kọjú sí Magdalene, ó ń dúró kó sọ pé irọ́ ni. Magdalene ṣí omi sórí asẹ́, ó ń fọ̀ ọ́, kò gbójú sókè.