Egungun Ìbàdí Fèyí àti Ìyá Tó Gba Ọ̀pá Rẹ̀

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Fèyí ọmọ mi kọ̀ láti ré kọjá ìjókòó ọ̀kadà. Láti ilé-ìwé rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ la ti fẹ́ padà sí Ìrè. Ọlọ́kadà bi í léèrè bóyá ó ti darúgbó ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé itan náà kọjá.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, èyí táwọn èèyàn ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí náà mo mọ ìrora rẹ̀. Ìrora yẹn a máa wá, a sì máa lọ. Èyí jókòó sínú ìbàdí, ó ń mú un tiro. Aládùúgbò wa ní ṣe ni Fèyí ń díbọ́n, pé kò fẹ́ fọ abọ́ ni. Mo ṣì ń bínú sí i.

Ní ilé-ìwòsàn ńlá, wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé orí egungun itan rí roboto, inú ihò ìbàdí ló ti ń yí. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, apá kan sì ti ń kú. Kò tíì wó. Bó bá wó, wọn yóò gé e, wọn yóò fi irin rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n kùn ún lóorun, wọ́n fa mùdùnmúdùn láti inú egungun ìbàdí rẹ̀ lẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà, èyí tí kò tíì di nǹkan kan, tó lè di ẹ̀jẹ̀ tàbí egungun. Wọ́n fi ẹ̀rọ yí i kó lè ki, wọ́n gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tó ń kú, wọ́n sì fi sí i. Ìyẹn kò wo SS sàn. Kí SS tó lè lọ, wọ́n ní láti fi mùdùnmúdùn ẹlòmíì tó bá a mu rọ́pò tirẹ̀, tàbí kí wọ́n tún jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì náà, ṣe. Wọ́n ń ṣe é lókè òkun. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

"Kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ àfi tí a bá ní kó tẹ̀ ẹ́," ni dókítà wí. Ọ̀pá méjì lábẹ́ apá ló fi ń rìn.

Ìyá Tósìn, tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ń ta ìyẹ̀fun kan tó ń pè ní sítẹ̀msẹ́ẹ̀lì, orúkọ òyìnbó sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń dà sábẹ́ ahọ́n. Ó fún Fèyí ní díẹ̀. Mo dá a padà. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jáde lọ bu omi. Nígbà tí mo wọlé, Fèyí wà níwájú pẹpẹ, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí adìyẹ inú òjò. Ìyá Tósìn gba ọ̀pá méjèèjì mọ́ra, ó na fóònù sí i, ó ń ya fídíò.

"Rìn wá, ọmọ mi. Kí ayé rí uṣẹ́ Olúwa."

"Màmá, wọn ò tíì ní kí n tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé dókítà lo máa gbọ́ ni àbí Jésù?"

Ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Mo já ọ̀pá náà gbà.

"Ìyá Fèyí, ẹ má ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹ ò nígbàgbọ́ ni," ni Ìyá Tósìn wí.

"Mo ní in. Ẹ bọ́ awò ojú yín, kẹ́ ẹ fi ìgbàgbọ́ ka Bíbélì. Inú egungun ara rẹ̀ ni wọ́n ti fa oògùn rẹ̀. Ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọmọ mi polówó ìyẹ̀fun yín. Ẹ pa fídíò yẹn rẹ́ lójú mi."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn akọrin. Ìyá Tósìn pa á rẹ́.

Egungun náà kò wó. Àwòrán tó kẹ́yìn fi hàn pé egungun tuntun ti ń hù, wọ́n sì ti ní kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ó ṣì ń dùn ún nígbà òtútù, wọn kò sì ṣèlérí pé kò ní padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara ọmọ yìí ni mo ti ń bínú sí láti ìgbà tí mo ti bí i. Ara yẹn náà ló fi ohun tó ní sílẹ̀, tó sì rọra tún ara rẹ̀ ṣe, láìwo ojú ẹnikẹ́ni tó ń kánjú.