Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà Ni Wọ́n Tẹ̀ Ẹ́

Inú ṣì ń bí mi títí dòní, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni ẹ̀gbọ́n tó mú mi wọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá n'Ìkẹjà. Ilé wọn l'Ágége ni mo ti ń jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Èmi pẹ̀lú wọn la jọ ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ọ̀gá àgbà sì ti ṣèlérí pé bí ètò tí mo kọ bá ṣiṣẹ́ lójú àwọn, n óò kúrò ní kásúà, n óò di sítáàfù.

Ètò náà ò le. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, á yẹ àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀rọ wa wò, á sì tẹ ìròyìn jáde lórí bébà. Ṣùgbọ́n nínú ètò náà, ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà ló ń dá ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì lóhùn, bíi máígádì kan ṣoṣo lẹ́nu géètì. Bí ẹ bá rán máígádì lọ ka páálí ní sítọ̀ọ̀, ta ni yóò ṣí géètì? Ìdí nìyẹn tí mo fi gé iṣẹ́ gígùn yẹn sí wẹ́wẹ́: kó ṣe díẹ̀, kó yọjú wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, kó tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ pé, ọ̀gá àgbà tẹ bọ́tìnnì. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú, ó dákẹ́. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ìgbà tó ta jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìròyìn kan náà ń jáde léraléra, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró.

"Ta ló kọ ìranù yìí?"

"Òun ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo ti sọ fún un pé kó má kánjú."

Mo ṣí iṣẹ́ mi. Gbogbo ìlà tó ń jẹ́ kó yọjú ti pòórá. Àwa méjì péré la mọ páásíwọ́ọ̀dù. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ já àgbà tó ń bọ́ mi nírọ́ níwájú ọ̀gá? Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀.

Ní ìta, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan èjìká mi. "Má bínú, àbúrò. Mo kàn yọ àwọn ìlà yẹn kó lè yá sí i ni. Jẹ́ kí ara ọ̀gá balẹ̀, màá ṣàlàyé fún wọn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá àgbà ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n máa lọ. Kọ̀ǹpútà yẹn dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó padà dáhùn gbogbo ẹni tó pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì sọ̀rọ̀.