Ọjọ́ Tí Erin Gbàgbé Orúkọ Rẹ̀

Ní ọ̀sán Sátidé, bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọmọ mi obìnrin a gbé àpótí kékeré síwájú tẹlifíṣọ̀n, a sì fi ọwọ́ gbá àga ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀. "Grandpa, ẹ máa bọ̀ o, ó ti ń bẹ̀rẹ̀!" Màá fi ìwé ìròyìn sílẹ̀, màá nu jígí ojú mi, màá sì jókòó. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni à ń gbé ní Mayfair, nílẹ̀ òkèèrè tí a wà yìí, ariwo àwọn tó ń tajà nísàlẹ̀ sì máa ń bá wa wo eré náà.

Eré kátúùnù ni, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ló ń ṣe é. Ìlú ẹranko ni ìlú inú rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni olórí ìlú, àkùkọ ni àlùfáà, ọmọ ewúrẹ́ kan tí kò nítìjú ló sì ń da gbogbo wọn láàmú. Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ tí wọn kò lè sọ, òun a sọ ọ́ síta. Wọn kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú eré náà. Ọlọ́run pàápàá, wọ́n yà á bí arúgbó tó wọ sálúbàtà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo fẹ́ dìde lọ pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lù mí nítan. N kò dìde mọ́.

Mo fẹ́ràn ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ère kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ará ìlú máa kí ère náà láràárọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé e nàró kọ ìdí rẹ̀ sójú ọ̀nà. Ìlú ń tẹríba fún ìdí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ ewúrẹ́ dúró, ó wò ó, ó ní, "Ṣé ibí yìí náà ló máa fi dá wa lóhùn ni, àbí ká yí sí òdìkejì?"

Ó máa ń rán mi létí ìgbà tí mo wà ní yunifásítì n'Íbàdàn. Bí ọdún bá ń parí lọ, àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣeré nípa àwọn olùkọ́ wa. Ẹnì kan nínú wa so ìrọ̀rí mọ́ ikùn, ó ń rìn bí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ní ìtàn, ó ń fi imú sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Níwájú pátápátá ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà jókòó sí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Eré yẹn kò bu ọ̀wọ̀ rẹ̀ kù lójú wa. Àwọn olùkọ́ tí a kò ṣeré nípa wọn, n kò rántí ojú wọn mọ́.

Òmíràn tí mo fẹ́ràn ni ọjọ́ tí Ọlọ́run sọ̀kalẹ̀ wá wádìí ìdí tí ìlú kò fi gbàdúrà mọ́. Wọ́n ní kó lọ tò sórí ìlà. Ó tò. Nígbà tó kàn án, pẹ́pẹ́yẹ tó wà nídìí fèrèsé ní, "Ìwé ìbí rẹ dà?" Ọlọ́run ní wọn kò bí òun. "Eish," ni pẹ́pẹ́yẹ wí bí àwọn ará ibí ṣe máa ń kẹ́dùn, "padà wá lọ́la." Ẹni tí kò bá tíì dúró rí láti ìdájí níwájú ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú ní ìlú yìí lè pè é ní ọ̀rọ̀ òdì. Èmi gbà pé ẹni tó kọ ọ́ ti tò sórí ìlà yẹn rí.

Láìsí eré yìí, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èmi àti ọmọ náà kò pọ̀. Màá sọ Yorùbá, yóò fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. "Ṣé o ti jẹun?" "Yes, Grandpa." Ó parí. Ṣùgbọ́n nídìí kátúùnù, òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè báwo ni ọmọ ewúrẹ́ ì bá ṣe bú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bó bá gbọ́ Yorùbá. Mo kọ́ ọ: "Elétí bí ewé kókò!" Ó dìde, ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, ó pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó ń tajà nísàlẹ̀ gbójú sókè. Èmi tí mo ti rò pé èdè náà yóò bá mi wọlẹ̀ nínú ilé yìí, inú mi dùn sí èébú.

Eré erin ló wá kó wa sí wàhálà. Erin arúgbó kan wà nínú ìlú náà tí gbogbo wọn ń pè ní Àgbà. Ọmọ ewúrẹ́ bi í pé kí lorúkọ rẹ̀ gan-an. Erin ronú títí, kò rántí, àwọn tó ń pè é ti kú tán. Ẹṣin kan tí kò léyín mọ́ ló kù tó mọ̀ ọ́n, ó sọ ọ́ sí ọmọ ewúrẹ́ létí. Ọmọ ewúrẹ́ sáré dé iwájú erin, ó kígbe orúkọ náà ketekete, kò fi Àgbà kún un. Erin bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó jó títí ó fi tẹ ère kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fọ́, ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọ́.

A rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wò mí.

"Grandpa, kí ni orúkọ yín?"

Mo sọ ọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ìjọ àti ìyá kan nínú ìjọ wa bá wa délé pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn. Ọmọ mi ní kí ọmọ rẹ̀ gbé omi fún mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife síwájú, ó wá pe orúkọ mi láìfi nǹkan kan ṣíwájú rẹ̀. Ó ní, "Gba omi rẹ."

Bàbá Ìjọ yíjú sí ọmọ náà.

"Ẹ̀n-ẹ́n?" ni Bàbá Ìjọ wí. "Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ọmọ òde òní!" ni ìyá ìjọ wí. "Bàbá tó bí ìyá ẹ lò ń pè bí ẹni ń pe ọ̀rẹ́ ẹ!"

Ó yẹ kí n fajú ro. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi náà dà sí mi láyà.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ọmọ mi dojú kọ mí. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ tún ń rẹ́rìn-ín! Níwájú àwọn ará ìjọ! Kátúùnù yẹn ti parí nínú ilé yìí."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, tẹlifíṣọ̀n dákẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó lọ jókòó sí ìkángun yàrá. Mo bi í pé ṣé ó ti jẹun. "Yes, sir," ló wí. "Sir" yẹn ló dùn mí. Kò sí àléébù kankan nínú ìwà rẹ̀ mọ́, kò sì sí ohun tí a lè bá ara wa sọ.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo bá a nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. Mo fi Ìjẹ̀ṣà bá a sọ̀rọ̀, èyí tí a máa ń fi pamọ́ fún ọ̀rọ̀ inú yàrá. Mo ní, "Ta ló ń pè mí lórúkọ?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀, Bàbá?"

"Ohun tí mo ń bi ọ́ nìyẹn. Ìyá mi ló ń pè é, ó ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Ìyá rẹ kò pè é rí, bàbá ọmọ rẹ̀ ló pè mí títí ó fi kú. Madala, ìyẹn arúgbó lédè wọn, ni àwọn onítakisí ń pè mí, ẹ̀yin ará ìjọ ní Bàbá. Nígbà tí ọmọ yẹn pè é, ńṣe ló dà bíi pé ìyá mi ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé kí n wá jẹun."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

"Kì í ṣe níwájú àlejò, Bàbá."

"Kì í ṣe níwájú àlejò."

"Ọlọ́run tí wọ́n ń bú ńkọ́?"

"Wọn ò bú u. Wọ́n ní kó lọ tò sórí ìlà ni."

Ó wò mí bóyá mo ń ṣeré. "Èmi náà máa jókòó tì yín. Màá fojú ara mi rí i."

Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ní Sátidé kejì, ó tètè pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó jókòó lẹ́yìn wa pẹ̀lú gèlè lórí bí ẹni tó ń ṣọ́nà. Eré ìlà yẹn ni wọ́n tún ṣe lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ká ọwọ́ mọ́ra, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ béèrè ìwé ìbí lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀yìn wa ni ẹ̀rín ti bú.

"Ha! Obìnrin yẹn!" ni ọmọ mi ń wí, ó ń lu itan. "Mo mọ̀ ọ́n! Ó ti lé èmi náà padà rí ní ọ́fíìsì wọn!"

Ọmọ náà wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀, ó tún wò mí. Ó wọ́ àpótí rẹ̀ sún mọ́ àga mi, ó fi ẹnu kàn mí létí, ó sì pe orúkọ mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí kò gbọ́.

"Mo ń bọ̀," ni mo dáhùn.