Nọ́ńbà Tó Wà Lára Egungun Lady Maud

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Enid Garbutt fi ń gbé òótọ́ kan kiri nínú báàgì rẹ̀ tí kò rí ẹni tí yóò gbà á. Kì í ṣe òótọ́ ńlá. Bí èèyàn bá sọ ọ́ fún ará ìlú mìíràn, onítọ̀hún á kàn mi orí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ ní Ickerdale, níbi tí àwọn èèyàn ti fi ọdún mẹ́rìnlélógójì tún ẹ́ńjìnnì rélùwéè kan ṣoṣo ṣe, ọ̀rọ̀ náà wúwo ju irin lọ. Lady Maud, ẹ́ńjìnnì oníná èédú tí wọ́n rọ ní ọdún 1874, tí gbogbo wọn ń pè ní nọ́ńbà 3, kì í ṣe nọ́ńbà 3. Nọ́ńbà 5 ni.

Enid ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ti agbègbè wọn, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ láti máa fura sí ẹnikẹ́ni tó bá ní gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ rò pé ọgbà òdòdó ni yóò gbájú mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ńjìnnì ló lọ bá. Nítorí pé kò lè gbé irin, tí kò sì fẹ́ràn àtigun àkàbà, wọ́n ní kó máa ṣe ìtàn. Wọ́n rò pé iṣẹ́ tó rọ̀ ni wọ́n gbé fún un.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ báyìí ni pátákó ìtàn tí wọn yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà ní Sátidé, ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ fa èrò láti ìgbà tí ibi ìwakùsà èédú ti kógbá sílé. Ọ̀rọ̀ orí pátákó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ akunlẹ́tà, ẹni tó ń fi ọ̀dà kọ lẹ́tà sí i, kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú. Enid lè kọ 3, kí inú gbogbo èèyàn dùn. Ó sì lè kọ 5, kó ba ọkàn Arnold Hebden jẹ́.

Arnold ló gba ẹ́ńjìnnì náà lẹ́nu ikú. Lọ́dún 1967, nígbà tí àwọn oníṣòwò àlòkù irin ti gbé iná ìgérin dé, òun ló lọ dúró níwájú rẹ̀. Ó ní bàbá òun, Herbert Hebden, ló wa nọ́ńbà 3, orí ẹ́ńjìnnì náà ni bàbá òun sì ti gbé òun lé èjìká nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin báyìí. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí kì í wá nu irin rẹ̀.

Nígbà tí Des Lumb, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì, ha ọ̀dà kúrò lẹ́yìn wíìlì iwájú, ni nọ́ńbà tí wọ́n fi òòlù lù sára egungun rẹ̀, irin gígùn tó gbé gbogbo ẹ̀yà yòókù dúró, hàn síta. Gbogbo wọn ló ti rí i rí lábẹ́ gírísì. Gbogbo wọn ló kà á sí 3, irú 3 olórí pẹrẹsẹ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbà yẹn máa ń lù. Enid ní tirẹ̀ fi pépà lé e, ó fi pẹ́ńsùlù ra á lójú, 5 ló sì jáde. Ó padà sí ilé ìpamọ́ ìwé, ó tú ìwé àtúnṣe ti ilé iṣẹ́ èédú náà, ó sì rí ìlà mẹ́ta péré tó yanjú gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1934, wọ́n gé nọ́ńbà 3 ní àlòkù irin. Wọ́n tú àwo orúkọ Lady Maud kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì dè é mọ́ nọ́ńbà 5, nítorí pé ìyàwó ọ̀gá kò fẹ́ kí orúkọ ìyá òun parẹ́.

Ọ̀dọ̀ Des ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó bá a lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń yọ síta.

“Des, kí ni nọ́ńbà ara ọ̀pá apá òsì yìí?”

“3.”

“Ti apá ọ̀tún ńkọ́?”

“5. Ti wíìlì ẹ̀yìn jẹ́ 3 lápá kan, 5 lápá kejì. Ṣé kí n máa ka nọ́ńbà fún ẹ ni, àbí kí n di nọ́ọ̀tì yìí kí olùyẹ̀wò bọ́ílà tó dé?”

“Mo fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ gan-an.”

“Ṣe ni wọ́n máa ń yá ara wọn ní nǹkan. Bí ẹsẹ̀ tèyí bá dá, wọ́n á yọ ti ìyẹn fún un. Bọ́ílà tó gbé sórí, tí omi ń hó nínú rẹ̀ yìí, ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ o mọ òfin wa. Egungun ni ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ni egungun ló ni nọ́ńbà.”

“Egungun yìí wá ńkọ́?”

“5 ni. Mo ti mọ̀ láti oṣù tó kọjá.”

“O sì panu mọ́.”

“Nọ́ọ̀tì ni mò ń dì, Enid. Ìwọ lò ń ṣe ìtàn.”

Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Clive Pickersgill, alága ẹgbẹ́, tó jókòó sí yàrá tíì tó ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Clive kà á, ó tún un kà, ó wá fi àwo búrẹ́dì tẹ pépà náà mọ́lẹ̀ bíi pé atẹ́gùn fẹ́ gbé e.

“Ta ló máa mọ̀?” ló bi í.

“Èmi mọ̀.”

“Yàtọ̀ sí ìwọ.”

“Des mọ̀.”

“Des kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Wò ó, Enid, ọ̀ọ́dúnrún ife tíì ló wà nínú àwọn páálí yẹn, 3 gàdàgbà ló sì wà lára gbogbo wọn. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ní Sátidé, èéfín ni wọ́n ń bọ̀ wá wò.”

“Ṣé kí n wá tìtorí ife purọ́ sórí pátákó?”

“Mi ò ní kó o purọ́. Mo ní kó o fi ọgbọ́n gbé e gbà. Kọ ọ́ pé ‘a gbà pé nọ́ńbà 3 ni.’”

“Ta ló gbà?”

“Ìgbìmọ̀.”

“Ìgbìmọ̀ tó fi oṣù méje jà lórí àwọ̀ ewé tí a máa kùn ún, tí ẹ tún padà síbi èyí tó ṣẹ́ kù sínú agolo?”

Clive gé búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì. “Bó bá jẹ́ dandan ni kó o kọ 5, ìwọ lo máa lọ sọ fún Arnold. Èmi ò sí níbẹ̀ o.”

Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, làwọn àgbà wí. Èyí tó wà lọ́wọ́ Enid kò tilẹ̀ rí ẹni tí yóò bi í pé èló ni. Ó di ọ̀sán Ọjọ́rú, akunlẹ́tà sì ti pè é lẹ́ẹ̀mejì. Inú ń bí i sí Des, ó ń bí i sí Clive, ó sì ń bí i sí ìyàwó ọ̀gá tó kú láti bí ọgọ́ta ọdún, tí kò jẹ́ kí àwo orúkọ jókòó síbi tó wà. Ó mú pépà rẹ̀, ó wọ gáréèjì ẹ́ńjìnnì lọ.

Arnold ń fi àkísà nu idẹ. Kò wo ẹ̀yìn.

“Ọ̀gbẹ́ni Hebden, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín.”

“Bó bá jẹ́ ti ọ̀dà, má wulẹ̀ dá mi sí i.”

“Kì í ṣe ti ọ̀dà.”

“Ọpẹ́ ni. Sọ ọ́, ọmọbìnrin.” Gbogbo obìnrin tí òun fi ọdún kan ju lọ ni ọmọbìnrin lójú Arnold.

Enid kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sọ̀ sọ irú rẹ̀, nítorí náà ó kàn na ìwé náà sí i. Arnold wọ awò rẹ̀. Ó kà á tán, ó ká a sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin.

“Ẹni tó kọ èyí lè ti mutí.”

“Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ irin kì í mutí.”

“Gbé iná tọ́ọ̀ṣì yẹn fún mi.”

Ó kúnlẹ̀ lórí kọnkéré, orókún kan lẹ́yìn èkejì, ó sì kọ̀ kí Enid di òun lápá mú. Ó fi ìka ìlábẹ̀ tọ ojú nọ́ńbà náà láti òkè délẹ̀, ó tún tọ̀ ọ́, bí afọ́jú ṣe ń kàwé.

“Oṣù wo ni wọ́n ní wọ́n gé e?”

“Oṣù kẹta, 1934.”

“Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn. Orúkọ yìí kan náà ni mò ń rí tó ń kọjá lẹ́yìn ilé wa.” Ó dìde, ó dá iná padà fún un. “Bàbá mi ò sọ nǹkan kan.”

Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ. Tíì rẹ̀ ṣì ń gbóná lórí bẹ́ǹṣì. Enid fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí akunlẹ́tà láti ẹnu ọ̀nà gáréèjì náà, ó sì fi 5 sí i.

Arnold kò wá ní Ọjọ́bọ̀. Olùyẹ̀wò bọ́ílà dé, ó fi òòlù kékeré kan ibí, ó kan ọ̀hún, ó buwọ́ lùwé pé ó ti dáa. Ohun tí wọ́n ti ń retí fún odidi ìran kan ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn ń wo Enid bíi pé òun ló da yẹ̀pẹ̀ sínú bọ́ílà.

“Ọdún mẹ́rìnlélógójì,” ni Clive wí nígbà tó ń kọjá. “Kò pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ rí.”

“Mo gbọ́ ẹ, Clive.”

“Mo kàn ń sọ ni.”

“O ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀.”

Ní ọjọ́ Ẹtì, akunlẹ́tà gbé pátákó dé, ó gbà wọ́n láàyè láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì wakọ̀ rẹ̀ lọ. Wọn ò tíì tú okùn ara rẹ̀ tán nígbà tí Arnold wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró síwájú pátákó, ó kà á láti òkè délẹ̀: pé ẹ́ńjìnnì yìí ni nọ́ńbà 5, pé orúkọ tó ń jẹ́, ti nọ́ńbà 3 ni, pé Herbert Hebden awakọ̀ ló ṣiṣẹ́ lórí àwọn méjèèjì, àti pé ọmọ rẹ̀ ló dóòlà èyí tó ṣẹ́ kù.

“Àṣìṣe wà níbẹ̀,” ló wí.

Enid ti kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu látàná. “Ọ̀gbẹ́ni Hebden, mo ti fi ìwé hàn yín, ẹ ti fi ọwọ́ yín kan irin náà. Kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kí n ṣe?”

“Kì í ṣe nọ́ńbà ni mò ń sọ. Bàbá mi ò wakọ̀ rí.”

Clive gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

“Adáná ni. Ó ń kó èédú sínú iná. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé e ga di awakọ̀, àyà ń dùn ún, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Akọ̀ròyìn kan ló kọ ‘awakọ̀’ lọ́dún 1967, n kò sì bá a jiyàn. Ó dùn létí.”

“Ẹ ti jẹ́ kí a kọ ọ́ sára pátákó mẹ́rin,” ni Enid wí, “àti sínú ìwé ìtàn ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì.”

“Mo mọ̀. Mo kà á.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ń sọ ọ́ lónìí, tó ku alẹ́ kan?”

“Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀,” ni Arnold wí. “Mi ò lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tó jẹ́ pé irọ́ tèmi nìkan ló kù lórí rẹ̀.”

Enid pe akunlẹ́tà. Ọkùnrin náà bi í bóyá wọ́n fẹ́ kí òun kó ẹrù òun wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn ni, ó ní òun ò sí nílé di Ọjọ́ Ajé, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nítorí náà, ní Sátidé, wákàtí méjì kí èrò tó wọlé, Enid ló kúnlẹ̀ síwájú pátákó pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí pátákó, ‘adáná’ fi lẹ́tà kan gùn ju ‘awakọ̀’ lọ, ó sì ní láti há a mọ́ra. Nínú gáréèjì, iná ti mú, ẹ́ńjìnnì ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀. Arnold di agolo ọ̀dà mú, ó ń nà sọ́tùn-ún, ó ń nà sósì láti wo ohun tó ń kọ.

“Ó ń gòkè lápá ọ̀tún.”

“Mo rí i.”

“Lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn sanra ju àwọn yòókù lọ.”

“Ọ̀gbẹ́ni Hebden, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gun ẹ́ńjìnnì yín. Des ti ń dúró dè yín láti aago mẹ́jọ.”

“Màá lọ bó bá gbẹ,” ni Arnold wí, ó sì sún agolo náà mọ́ ọn.