Bíllíkísù àti Ìwé tí a Pín bí Ẹran

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣe Bíllíkísù ọmọ Láwọ̀yín, ọ̀dọ̀ mi ni kó wá. Àbúrò mi ló bí i, ẹ̀yìnkùlé mi ló ti kọ́ ìrìn, èmi ni mo sì kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Kàbà yìí láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti hù tí kò gba etí mi kọjá. Mi ò sì jókòó níwájú tíṣà rí láyé mi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, nígbà tí mò ń bá wọn gbé iṣu lọ sí Kánò. Ọkọ̀ tó bá wà níwájú wa, ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn ni màá máa kà. Bó bá fẹ́ sá mọ́ mi lójú, màá ní kí dírẹ́bà wa lé e, kí n lè ka gbólóhùn náà tán. Bí mo ṣe di ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Àwọn tó gba dìgírì nílé wa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ tó bá le wá.

Yorùbá inú ìwé ni mo fi ń kọ eléyìí. Kì í ṣe èyí tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Owé, èdè àwa ará Kàbà, ni ìyá mi ń sọ, Owé ni èmi náà ń sọ, òun ni mo fi ń bínú, òun ni mo fi ń lálàá. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ kankan tí wọ́n kọ Owé sí lẹ́yìn, bí mo bá sì kọ ọ́ síbí, ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè kò ní kà á dé ìlà kejì. Ohun tí Bíllíkísù fẹ́ tún ṣe nìyí tó fi rí ohun tó rí.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ọkọ rẹ̀, oníṣòwò ẹ̀wà, kú kí wọ́n tó bímọ, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn àdúgbò wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó kéré jù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, oko ni wọ́n ti ń wá, Owé nìkan ni wọ́n sì gbọ́. Àwọn tíṣà yòókù a máa da Gẹ̀ẹ́sì lé wọn lórí bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù: ariwo rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n omi ò wọlé. Bíllíkísù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, yóò pe ọmọ kan síwájú, yóò bi í ní èdè ìyá rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé wọn kó tó jáde. Ohun tí ọmọ náà bá sọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ni yóò kọ sí pátákó, ọmọ náà yóò sì kà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni ìwé wọn. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ kan. Ọmọ tí kò tíì pààrọ̀ eyín ń kàwé bíi lémọ́ọ̀mù.

Nínú wọn ni ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Lois. Agatha, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló ń tọ́ ọ ní oko kan lójú ọ̀nà Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ Bíllíkísù, ó ti lo ọdún kan gbáko ní kíláàsì ẹlòmíràn láìla ẹnu. Wọ́n nà án, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fi bisikíìtì tàn án. Níkẹyìn wọ́n ní odi ni, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì ti ń múra àtidá a padà sílé.

Bíllíkísù kò nà án, kò sì tàn án. Ó kàn ń bi í ní ìbéèrè yẹn láràárọ̀ ni; bí kò bá dáhùn, a ní kó lọ jókòó. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà ní ejò wọ ilé adìyẹ àwọn, ìyá àgbà sì fi ọmọ odó pa á. Bíllíkísù kọ ọ́. Lois wo pátákó, ó rí ejò rẹ̀ níbẹ̀, ó rí ìyá àgbà rẹ̀ níbẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà, agbára káká ni wọ́n fi mú un jókòó. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu rẹ̀ ti là. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kò sí ohun tí Bíllíkísù kọ ní Owé tí kò lè kà. Aláǹgbá tó wà lára ògiri kíláàsì náà a dúró gbọ́ ọ, kò ní mi orí. Èmi fúnra mi rí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kéèyàn máa ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lára pátákó kì í ṣe ìwé kíkà. Ó ní àwọn ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja wá wo kíláàsì náà; kí Lois dìde níwájú wọn, kó ka ìwé tí wọ́n tẹ̀. Bó bá kà á, yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè, kíláàsì Bíllíkísù yóò sì máa bá a lọ. Bí kò bá kà á, kí ìyá àgbà wá mú un lọ. Agatha gbà bẹ́ẹ̀. Arúgbó náà kò ní olùrànlọ́wọ́ mìíràn lóko, àkókò kaṣú sì ń bọ̀ lọ́nà. Ó ní bí ọmọ náà bá kàwé, òun yóò dá kaṣú òun ṣà. Bí kò bá kà á, kó padà wá bá òun ṣà á.

Ìwé Owé wo ni Lois yóò wá kà? Kò sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Àbújá fi gbọ́. Orí wásáàpù ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn yóò bá wa tẹ ìwé fún àwọn ọmọdé. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní ó dáa, ṣùgbọ́n ìwé kan ṣoṣo ni àwọn yóò gbà fún gbogbo Okun, àwọn kò ní gba márùn-ún. Wàyí o, àwa Okun, ẹ̀yà márùn-ún ni wá, ìkíni wa ló so wá pọ̀. A bá ara wa pàdé, a ní okun. A fẹ́ pínyà, a ní okun. Lẹ́yìn ìyẹn, bí Owé ṣe ń pe nǹkan kọ́ ni Ìyàgbà ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìjùmú, Bùnù àti Ọ̀wọ̀rọ̀. A mọ ara wa, a máa ń gbọ́ ara wa, a sì máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn àgbà ẹ̀yà máràrùn-ún péjọ sí gbọ̀ngàn kan ní Kàbà níbí. Ernest, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ẹ̀kìnrìn-Àdé, ló ṣe alága. Èmi ni mo ṣíwájú àwọn Owé, nítorí wọn kì í pe ìpàdé ọlọ́gbọ́n kí wọ́n yọ mí sílẹ̀. A jà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Kálukú ní ti òun ni kí wọ́n tẹ̀. Lẹ́yìnkùlé gbọ̀ngàn náà, wọ́n ń pín màlúù tí wọ́n pa fún ìpàdé: itan fún àwọn wọ̀nyí, igẹ̀ fún àwọn tọ̀hún, orí fún onílé. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹran tí ilé kan ò bá rí ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, ìjà rẹ̀ a máa pẹ́ ju ẹran lọ. Nígbà tí ọbẹ̀ ta sánsán, ẹnì kan ní bí a ṣe pín màlúù, ṣé a ò lè pín ìwé náà bẹ́ẹ̀ ni?

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n pín in. Ọ̀rọ̀ inú ilé di ti Owé. Ọ̀rọ̀ oko di ti Ìyàgbà. Ìjùmú gba ọjà, Bùnù gba ara èèyàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, Ọ̀wọ̀rọ̀ gba odò àti ẹja. Mo dìde láti ta kò wọ́n. Bí mo ṣe dìde, fáànù òkè àjà dúró. Àwọn kan ní iná ló lọ. Ẹ má dá wọn lóhùn. Mo sọ̀rọ̀ títí, òwe tí mo pa lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣì ń pa á títí dé Ìgbarúkù, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ti wà lára ìkòkò.

Bíllíkísù, tí wọ́n ní kó wá gbọ́ nítorí ó jẹ́ tíṣà, ló kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ tó máa ka ìwé yìí, ẹnu kan ló ní. Ẹ jẹ́ ká bẹ ọ́fíìsì, kí Owé kọ tirẹ̀, kí Ìyàgbà kọ tirẹ̀. Bó bá ṣe ewé kan péré, kó jẹ́ ewé kan.”

Alàgbà Emmanuel, ará Ìgbarúkù, tó jókòó síwájú àwọn Ìyàgbà, rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí Owé? Ó ti gba orí màlúù, ó tún fẹ́ gba itan.”

Ẹ̀rín sọ. Ernest nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí tíṣà dìde. Ó ní àtọjọ́ tí wọ́n ti pa wá pọ̀ mọ́ Àríwá ni wọn ò ti kà wá sí. Bí a bá tún pín ara wa sọ́nà márùn-ún, ta ni yóò tún rí wa? Kò purọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó nira. Bíllíkísù dìde, ó gbọn ekuru kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó jókòó.

Ìwé náà dé. Ó dára lójú, wọ́n ya ọkọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ṣí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá inú ìtàn náà ń sọ Owé nínú ilé. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà oko, ó di ará Ìyàgbà. Ó dé ọjà, ó di ará Ìjùmú. Lois kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà náà lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀.

“Àǹtí, ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí?”

Bíllíkísù ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ náà pé. Ọ̀gá kan dé láti Lọ́kọ́ja pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn àgbà jókòó síwájú, kálukú ń retí ìpín tirẹ̀. Agatha dúró lẹ́bàá fèrèsé nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lois dìde. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀, ti inú ilé ni, ó kà á já gaara. Ọ̀gá Lọ́kọ́ja mi orí. Ìyá inú ìtàn náà bá dé oko, ó fẹ́ wa iṣu. Lois wo ọ̀rọ̀ Ìyàgbà tó wà níbẹ̀, ó wo àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì pe iṣẹ́ náà bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe ń pè é. Ó kọjá sí ìlà kejì láìdúró.

“Ẹ dúró ná,” ni Alàgbà Emmanuel wí. “Ìpín wa ló kó jẹ yẹn.”

Ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ wa ní kó fi ọmọ sílẹ̀, ó gbọ́ ohun tó kà yé. Ará Bùnù kan ní bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, Owé yóò fi tirẹ̀ ka ìpín gbogbo wọn nìyẹn. Ernest ń lu tábìlì. Àga ṣubú. Ohùn mi ló ga jù lọ níbẹ̀, mo ń pè wọ́n kí wọ́n dákẹ́, wọ́n gbọ́ mi ní ọjà Kàbà, síbẹ̀ wọn kò dákẹ́. Láàárín gbogbo rẹ̀, Lois dúró, ó gbá ìwé náà mọ́ àyà, ó ń wo ẹnu àgbàlagbà kan dé èkejì. Nígbà tí ilé rọ̀, wọ́n ní kó máa kà á lọ. Bíllíkísù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó ní ohun tó kà dáa, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà kò la ẹnu mọ́.

Ọ̀gá Lọ́kọ́ja dúró dè é díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọ yìí kò lè kàwé. Ó ní bí àwọn tó ni èdè kò bá lè fi ẹnu kò lórí rẹ̀, kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yáa máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ gbogbo wọn. Agatha kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Ó wọlé, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi í sórí àga, wọ́n sì gun ọ̀kadà lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí Bíllíkísù fi tẹ̀lé wọn lọ sí oko, òun àti pátákó kékeré kan. Abẹ́ igi kaṣú ló ti bá Lois, ó ń yí kóró kúrò lára èso, oje rẹ̀ ti sọ ìka rẹ̀ di dúdú. Bíllíkísù jókòó tì í nílẹ̀. Ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé lónìí. Ọmọ náà ń yí kóró lọ. Ó tún bi í, ọmọ náà ṣa èso mìíràn. Agatha ló ti inú iṣẹ́ rẹ̀ dáhùn.

“Tíṣà, ẹ ṣeun. Ó máa ń sọ̀rọ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dákẹ́ síbí náà.”

Bíllíkísù gbé pátákó rẹ̀. Ó ti ń rìn lọ kí Lois tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn náà kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ: “Ẹ bá mi sọ fún àwọn bàbá yẹn pé mi ò ní sọ ọ́ mọ́.”

Nígbà tó délé mi lọ́jọ́ náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò jẹun. Mo pa gbogbo òwe tí mo mọ̀ fún un. Mo mọ òwe púpọ̀.

Wọ́n gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní sáà tó tẹ̀lé e, wọ́n sì kó àwọn ìwé náà sí yàrá tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti àdá sí. Àwọn àgbà ń bá ìpàdé wọn lọ. Wọ́n ní a ó tún ìwé náà pín, kí Bùnù lè rí ọ̀rọ̀ oko díẹ̀ gbà. Bíllíkísù fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ọwọ́. Òfin wà níbẹ̀: ọmọ tó bá fi èdè ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò kúnlẹ̀ kọjú sí ògiri. Bíllíkísù ló ń mú wọn kúnlẹ̀. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí wọn tò lọ bí ẹ̀wù tí wọ́n sá, mo sì dúró títí wọ́n fi jáde fún ìsinmi ọ̀sán. Mo bi í pé ìwọ, Bíllíkísù, báwo lo ṣe ń ṣe irú èyí?

Kò wojú mi.

“Bàbá,” ó ní, “àwọn tibí mọ ohun tí wọ́n ṣe tí wọ́n fi ń kúnlẹ̀.”

Ó padà wọlé, agogo ti lù.